Ọwọ́ Tí Mo Yà Sórí Ẹ̀rọ Oníbọ́ọ̀lù

Mi ò ní búra fún yín. Ẹni tó ń parọ́ ló máa ń sáré búra, èmi ò sì ní ohun kankan tí mo fẹ́ fi irọ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, lójú ọ̀sán gangan, níwájú ilé bàbá mi ní Gàmbàrí, nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹ ò bá sì gbà á gbọ́, ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á tán, torí ìkìlọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó kàn yín.

Átíìsì ni mí. Kì í ṣe irú èyí tó ń ya àwòrán sílé àwọn olówó o. Èmi ni mò ń kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sára ògiri, èmi ni mò ń ya kìnnìún sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tí mò ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára pátákó. Iṣẹ́ náà ti dín kù, torí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ bánà ti gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, gbogbo Gàmbàrí ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá fa ìlà, ẹ ó rò pé rúlà ni mo fi fà á. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi fẹ́yàwó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ràímì ni ọ̀rẹ́ mi. Àní "ọ̀rẹ́" kéré. Ilé kéú kan náà la jọ jókòó sí, pàṣán alùfáà kan náà ló nà wá. Bí ó bá ń ka wàláà tó gbàgbé ibi tó dé, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ sí i létí kí alùfáà tó gbọ́. Ìyá mi kì í pè é lórúkọ, "ọmọ mi" ló ń pè é. Àwo kan la fi ń jẹun títí oníkálukú wa fi láya nílé. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà náà pé Ràímì lè ṣe mí níbi, ǹ bá gbá ẹni náà létí.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Basin, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ti ń gbá sínúkà, tí wọ́n ń ta gáàmù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé bàbá mi, mo rí i tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dé. Ohun ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ẹní wé.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ òsì ni.

Mo wo ọwọ́ náà. Nílùú tiwa, ẹ mọ̀ pé ẹni tó na ọwọ́ òsì síni ń wá ìjà ni. Ó rí ojú mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Máà bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀kùn ló gbá ọ̀tún fún mi." Ó tún ki ọwọ́ ọ̀tún náà bọ inú àpò jàlàbíà rẹ̀ dáadáa.

A tú ẹní. Ẹ̀rọ ògbólógbòó kan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní pínbọ́ọ̀lù, èmi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ fojú inú wo tábìlì gígùn kan tó dagun díẹ̀, tí wọ́n fi gíláàsì bò lórí. Lábẹ́ gíláàsì náà ni pákó kan wà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà oríṣiríṣi, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan á máa sáré lórí rẹ̀, á máa kọlu agogo, á máa kọlu gílóòbù. Nísàlẹ̀, apá kéékèèké méjì wà tí èèyàn fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà padà sókè kó má bàa já sínú ihò. Eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Ràímì ní bí àwọn ọmọ yunifásítì bá rí i, wọn ò ní lọ sílé mọ́.

Àlájì, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ni ín. Láti Kàdúná ni bàbá náà ti gbé e bọ̀ láyé ọjọ́un, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Pálọ̀ rẹ̀ ló wà títí tí ó fi kú kí ààwẹ̀ tó kọjá yìí tó dé. Èmi náà lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo bá wọn da yẹ̀pẹ̀ sí i.

"Iná rẹ̀ ń tàn, agogo rẹ̀ ń dún," Ràímì wí. "Pákó yìí nìkan ló ti gbó. Bọ́ọ̀lù ti ha ọ̀dà rẹ̀ lọ. Bá mi tún un ṣe. Ìwọ ni mo gbé e wá fún, torí ọwọ́ rẹ ni mo mọ̀."

Inú mi dùn. Iṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ mi sì rántí mi. Ìyàwó mi gbé túwó wá, ó gbé omi ìfọwọ́ tì í. Ràímì ní kó wá ṣíbí fún òun, nítorí ọwọ́ tó ń dun òun. Èmi nìkan ni mo ki ọwọ́ bọ àwo lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pákó náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ lè yé yín. Òyìnbó kan ni wọ́n yà sí àárín rẹ̀, ó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀, ó jókòó nídìí tábìlì, ó ń ta káàdì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sọ pé, "Mú un wá." Ibi tí ọwọ́ náà wà, òkè apá kéékèèké méjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni, kò sì sí bọ́ọ̀lù tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀dà ibòmíràn ti ṣá, ó ti sán díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ti tán pátápátá. Igi lásán ló kù.

Mo tú pákó náà kúrò lára ẹ̀rọ, mo gbé e lé orí bẹ́ǹṣì méjì, mo fi àkísà tí mo rẹ sínú karosíìnì nù ún. Bí ìdọ̀tí ṣe ń kúrò, mo rí i pé ọwọ́ náà ò tán tán. Ìka kékeré kan ṣẹ́ kù létí igi. Ìka náà gé lórí, kò ní èékánná. Ó sì dúdú. Ojú òyìnbó náà pupa bí tòmátì, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ dúdú bí tèmi bí tiyín.

Ràímì náà ní ìka kékeré tó gé lórí. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló gé e fún un nígbà tí a wà lọ́mọdé, ojú mi ló ṣe.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ràímì, òyìnbó yìí jí ìka rẹ o!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ha á kúrò. Ya tuntun sí i."

"Ọwọ́ ta ni kí n wò yà?" Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ le yà ju ojú lọ. Ẹ bi átíìsì tó bá wù yín. Bí èèyàn ò bá rí ọwọ́ gidi wò, ohun tó máa yà á dà bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó rọra wí pé, "Wo tìrẹ. Ọwọ́ wo ló tún dára tó o?"

Ìyìn a máa dùn. Mo fi pọ́tì dí ibi tó ti jẹ, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi dán. Nígbà tí Ràímì lọ, mo tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi sórí pákó náà, mo fi òsì mú pẹ́ńsù, mo fa ìlà yí i ká. Mo wá po ọ̀dà, mo ń wo ọwọ́ mi, mo ń yà á. Mo ya iṣan ẹ̀yìn ọwọ́. Mo tiẹ̀ ya àpá tó wà nídìí àtàǹpàkò mi, níbi tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi ti jó mi. Nígbà tí mo parí, mo dúró wò ó. Ọwọ́ mi ni, kò yàtọ̀ rárá. Mo tilẹ̀ pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Wọ́n pe ìrun Àìlà, mo lọ kí i. Nígbà tí mo dé, ọwọ́ náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án tó fi bàjẹ́ o. Wọ́n nù ún nù ni, mọ́nránmọ́nrán, débi igi. Fìlà òyìnbó tí mo kùn láàárọ̀ kan náà ṣì tutù, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo ní ewúrẹ́ ni. Mo ní àbí àwọn ọmọ ilé ni. Ìyàwó mi ní òun jókòó síbi ìloro látàárọ̀, ẹnì kankan ò wọlé.

Mo tún un yà. Ní ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa kí n tó lọ kírun, mo mú kọ́kọ́rọ́ dání. Nígbà tí mo ṣí i, igi lásán ló tún ń wò mí.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi kí ẹ̀rù tó bà mí. Mo rò pé alábòsí kan ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo bá pinnu pé inú ṣọ́ọ̀bù ni màá ti kírun, màá sì dè é. Mo tún ọwọ́ náà yà lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì fi fáníìṣì pa ibi fìlà àti ojú òyìnbó náà tó ti gbẹ. Fáníìṣì tutù a máa dán bí omi inú kòtò, èèyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo kírun tán, mo ń sọ tàsùbáà. Oòrùn ń ràn gba ojú ilẹ̀kùn wọlé. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí lójú pópó.

Mo wá gbọ́ gbirigbiri. Bọ́ọ̀lù irin ń yí lórí pákó.

Ẹ má gbàgbé pé pákó náà wà lórí bẹ́ǹṣì, kò sí lára ẹ̀rọ. Inú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ ni mo kó bọ́ọ̀lù náà sí. Mo wo agolo náà, bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ gbirigbiri náà ń lọ, ó ń bọ̀, lójú kan náà.

Mo dìde, mo tẹ̀ ba pákó náà. Mo rí orí ara mi nínú fáníìṣì. Orí mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

Fìlà funfun, irùngbọ̀n funfun. Àlájì ni.

Mi ò lè yí ọrùn. Nínú fáníìṣì yẹn, mo rí i tí bàbá náà fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bo ọwọ́, tó gbé e lé ọwọ́ tí mo yà, tó ń nù ún. Ó ń kánjú bí ìyá tó ń nu ẹ̀jẹ̀ lójú ọmọ. Ojú rẹ̀ kò korò rárá. Ẹkún ló ń sun. Mo ń wo ọ̀dà mi tó ń parẹ́ lójú mi kòrókòró, bẹ́ẹ̀ ni òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń sin òkú kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá sọ̀rọ̀ sí mi létí, jẹ́jẹ́: "Ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ìta. Mo fi bàtà sílẹ̀, mo fi fìlà sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé, mo ní àkéekèé ni. Kí ni kí n sọ? Ohun tí mo rò ni pé òkú fẹ́ gba ọwọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Ràímì ni mo sáré pè lórí fóònù. Mo ní, "Àlájì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló ń nu ọwọ́ tí mo yà."

Ó wá bi mí pé, "Ṣé ó ti nù ún tán?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìbéèrè yẹn. Kò bi mí pé Àlájì wo. Kò ní orí mi dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ já, mi ò sì fọkàn sí i.

Ó ní, "Kì í ṣe Àlájì. Àlùjànnú ni. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ. Dúró, mò ń bọ̀ wá ṣàdúà."

Ó dé lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ó gbé tàsùbáà gígùn dání lọ́wọ́ òsì. A jókòó sórí ẹní níwájú pákó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké àdúà lédè Lárúbáwá, ó wá yí i sí Yorùbá, ó ń sáré sọ ọ́ bí a ṣe ń sáré sọ àdúà. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti í ṣe. Bí ẹnì kan bá ti ń ṣàdúà nílùú wa, ẹnu ẹlòmíràn ti ṣetán. A kì í dúró gbọ́. Bí a bá ṣe ń gbọ́ tó ń mí ni a ó ti fi "Àmín" lé e.

"Ọlọ́run á lé aburú jìnnà."

"Àmín."

"Ẹni tó bá fẹ́ dí ọ lọ́wọ́, Ọlọ́run á dí i lọ́nà."

"Àmín."

"Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, Ọlọ́run á sọ ọ́ di ti ẹni tó yà á."

"Àmín."

Mo sọ ọ́ ketekete. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Mo rò pé oríire rẹ̀ ló ń tọrọ fún mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìgbéga rẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ wo ọ̀rẹ́, ẹni tó ní kí ohun tó wà lọ́wọ́ òun di tèmi.

Láti ọjọ́ náà, Àlájì ò wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo ya ọwọ́ náà, ó dúró. Mo fi fáníìṣì bò ó léraléra títí ó fi le bí awo. Nígbà tí mo ń pa èyí tó kẹ́yìn, mo tún rí bàbá náà nínú rẹ̀. Ó jìnnà sí mi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí lójú pópó, kò lè wọlé. Ó ń mi orí. Mo ka àyátùlú kúrúsíyù sí i kó lè lọ. Ọlọ́run dárí jì mí, èmi ni mo lé e.

Ràímì wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. A dá pákó náà padà sáyè rẹ̀, a tan iná rẹ̀, ó ń dún gbanrangbanran, ó lẹ́wà. Ìyàwó mi tún gbé túwó wá. Ràímì ká ọwọ́ jàlàbíà rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àwo, ó ń bù ú, ó ń lá ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Hẹ̀ẹ́," mo wí, "ọwọ́ rẹ ti yá!"

"Àlàmùdù lílàì," ó dá mi lóhùn. Kò wo ojú mi. Ohun tó máa ń dùn mí jù nìyẹn nígbà tí mo bá rántí, pé inú mi dùn sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ọwọ́ tó yá.

Kò pẹ́ rárá tí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú un, ó tún bọ́. Ìka mi ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn sùn lé ọwọ́, àfi pé kò jí. Mo lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ náà. Wọ́n fún mi ní oògùn àti ìpara. Ìyàwó mi ń fi omi gbígbóná jó o. Ìlà tí mo máa ń fà tẹ́lẹ̀ bí ẹni fi rúlà, ó wá ń wọ́ bí ejò. Àwọn tó gbé pátákó wá fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé e padà.

Ohun kan ló jẹ́ kí n fura. Ọwọ́ náà kì í dùn mí lóru, kì í sì í dùn mí láàárọ̀ kùtù. Ọ̀sán ni, títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ṣí. Bí ìgbà tí ohun líle kan ń yí gba orí rẹ̀ kọjá ni, á lọ, á tún padà.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Basin. Kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ràímì ni mo ti ń gbọ́ agogo ẹ̀rọ náà. Àwọn ọmọ yunifásítì yí i ká, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń tì í. Mo yọjú láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù irin náà sáré wá láti òkè, ó gba orí ọwọ́ tí mo yà kọjá.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Ní ẹ̀yìn ọwọ́ mi yìí, láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Wàláhì, mo mọ̀ ọ́n lára.

Mo fa Ràímì lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ràímì, kí lo fi mí ṣe?"

Ó wo ilẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi náà ò mọ̀ nígbà tó kàn mí. Àlájì ló ní kí n wá tẹ́ ọwọ́ mi síbẹ̀ kí átíìsì kan yà á. Ó ní torí òun fẹ́ràn mi ni. Ó ṣàdúà, mo ṣe Àmín. Ọwọ́ tiẹ̀ yá, tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó kú ló tó jẹ́wọ́ fún mi."

"Ìwọ wá gbé e fún mi."

"Ta ni kí n gbé e fún? Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi láì bi mí ní ìbéèrè?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ. Nítorí pé mo fọkàn tán an ló ṣe mú mi. Ọ̀tá ì bá ti bi í ní ìbéèrè.

Mo ní kó fún mi ní sáńpépà, kí n lọ ha ọwọ́ náà kúrò. Ó di mí mú. "Ó ti gbẹ. Ìgbà tó tutù nìkan ni nínù ń ṣàǹfààní. Bí o bá kàn ha á lásán, ọwọ́ rẹ lo ha. Àfi kí o ya ti ẹlòmíràn lé e."

Ìgbà náà ni ohun tí Àlájì ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó yé mi. Bàbá náà ti ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ò jẹ́ kó sinmi, ó wá ń fi aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Òkú ń gbìyànjú láti gbà mí. Alààyè tí a jọ jẹun nínú àwo kan ló ràn mí lọ́wọ́ láti lé e.

Mo ní, "Ó kéré tán, pa ẹ̀rọ náà. Má jẹ́ kí wọ́n ta á mọ́."

Ó ní òun á rò ó. Nígbà tí mo dé títì, mo ṣì ń gbọ́ agogo náà.

Àwọn àgbà ilé bá wa dá sí i. Mi ò lè ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo kàn ní Ràímì dalẹ̀ mi. Wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ní kí n foríjì í, wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu kí gbogbo wọn gbọ́. Ràímì kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń nu ojú. Mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ọkàn mi le. Bóyá ó le lóòótọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà? Ó gbé ẹ̀rọ náà padà wá fún mi. Ó ní òun fi tọrẹ. Ó tẹ ẹnu mọ́ mi létí, ó ní, "Wá ọwọ́ ẹlòmíràn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn.

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló wà báyìí, mo fi tapólì bò ó. Kò sẹ́ni tó ń ta á, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò yá. Ó dúró síbi tó dé. Lójú ọ̀sán nígbà mìíràn, mo máa ń gbọ́ gbirigbiri lábẹ́ tapólì. Àlájì ò wá mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, átíìsì kan láti Òkè-Oyi wá kí mi. Jímọ̀ lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó tún ń dáko. Ó gbọ́ pé ọwọ́ ń dùn mí, ó gbé iṣu wá fún mi lórí ọ̀kadà. Ó ní òun á máa wá bá mi parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí àwọn oníbàárà mi má bàa lọ tán. Ó gba ọwọ́ mi tó ti rọ, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú, ó sì bú sẹ́kún nítorí mi.

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gùn, ìka rẹ̀ tọ́, ọwọ́ tó dùn ún yà.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń wí pé, "Jímọ̀, o ṣeun. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run á sọ ọ́ di..."

Ó ti la ẹnu. Mo rí i tí ètè rẹ̀ pàdé láti sọ "mín." Mo húkọ́, mo sì jágbe mọ́ ọn pé kó máa lọ, kó gbé iṣu rẹ̀ dání, kó má tún wá síbí mọ́. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe mí. Ó ti pè mí léraléra láti ìgbà náà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi, kì í ṣe Ràímì ni kí ẹ ṣọ́ra fún, kì í sì í ṣe òkú. Bí ẹ bá kọjá ní Gàmbàrí, tí ẹ rí átíìsì kan tó kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà, tó ní kí ẹ wá jókòó, tó ń yin ọwọ́ yín, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún yín, ẹ má dáhùn. Ẹ dìde kí ẹ máa lọ, bí mo tilẹ̀ ń sunkún. Èèyàn rere ni mí, àwọn tó mọ̀ mí á sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ìyàwó mi ò mọ̀, àwọn ará ilé ò mọ̀: mo ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ iṣẹ́, ó sì ti ń mọ ọwọ́ yà.